Mo Gé Fọ́tò, Fọ́tò Ò Gé

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ohun kan: èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè pé ta ló sọ fún un, ẹ óò rí i pé ẹni yẹn gan-an ni olófòófó. Ohun tójú mi bá rí lẹnu mi ń sọ. Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé lẹ́yìn Mọ́kọ́lá níbí, n'Ìbàdàn, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, yàrá keje tèmi ló sì wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n kan mítà iná mọ́. Kò sẹ́ni tí kì í wá wo mítà. Tí wọ́n bá sì ti dúró níwájú mítà, wọ́n á sọ̀rọ̀. Ṣé kí n fi òwú dí etí ni?

Ọ̀rọ̀ iná yìí náà ló bí gbogbo wàhálà. Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Lóṣooṣù, yàrá kọ̀ọ̀kan á dá ₦4,500, Bàbá Ìbejì ti yàrá kìíní á gbowó, á ra tókìnnì, á sì máa tẹ nọ́ńbà ogún tó wà lára rẹ̀ sínú mítà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Ìbejì, ìwé kíkọ ò sì tíì kúrò lára wọn. Wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ilé wa máa bá àwọn tẹ ẹni tó san àti ẹni tí kò san sínú Excel, nítorí ọ̀dọ̀ Àǹtí London ni ìṣirò ń lọ. Àǹtí London ni àkọ́bí láńdílọ́ọ̀dù wa. Bàbá ti dàgbà, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ ló wá ń bójú tó ilé láti òkèèrè. Kí n tó gbàgbé, kì í ṣe London ló ń gbé o. Ìyẹn ṣì ń bọ̀.

Láyé ìgbà tó jẹ́ ẹnu lásán la fi ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ní ọ̀nà àbùjá. Wọ́n á ní, "Ìyá Dáre, wọ́n lẹ́ ẹ sọ pé báyìí báyìí." Èmi á yanu, màá káwọ́ lérí: "Èmi? Èmi tí mo wà lórí àìsàn lọ́jọ́ yẹn?" Kí wọ́n tó rí ẹlẹ́rìí pè, ẹlẹ́rìí ti kó lọ sí Àpẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ á di wọ́n-ní-wọ́n-pé, a óò jọ jẹ àkàrà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n látìgbà táwọn ọmọ yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa fóònù pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi ń dín ohùn kù, tó máa dún kẹ́ṣẹ́ bí àlùmọ́gàjí, ọ̀nà àbùjá ti dí. Ohun tẹ́ ẹ kọ lóru, wọ́n á gbé e síwájú yín láàárọ̀, pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ kọ ọ́. Sikirinṣọ́ọ̀tì. Orúkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bu mí láhọ́n jẹ nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é.

Mo ti kọ́kọ́ kórìíra nǹkan ọ̀hún nítorí ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta adìyẹ ní Bódìjà. Ọmọkùnrin kan ra adìyẹ mẹ́fà, ó lóun ti fowó ránṣẹ́, ó na fóònù sí i: àwòrán rìsíìtì báńkì, orúkọ ọ̀rẹ́ mi, iye owó, ó ti lọ, ó pé. Adìyẹ bọ́ sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò. Owó ò wọlé títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tá a wá fara balẹ̀ wo àwòrán tó fi sórí WhatsApp rẹ̀, a rí i pé ẹ̀yìn òǹkà owó náà funfun ju ibi yòókù lọ. Ẹnì kan ti pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó kọ òmíràn lé e. Ohun tó wà lójú fóònù làwòrán ń sọ, kò sọ ohun tó wà ní báńkì. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ ẹ bá na àwòrán sí ọ̀rẹ́ mi yẹn, ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí tèmi náà dún." Kò ní gbé ọwọ́ kúrò lórí àgò adìyẹ títí fóònù tirẹ̀ á fi dún.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà lọ wo èsì JAMB Dáre. Bọ̀ọ̀dá yìí ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà táwọn ọmọ ń sùn sí sáíbà kaféè, tí wọ́n ń ra wákàtí òru nítorí pé òru dínwó. Ojú fóònù mi ti fọ́ nígbà yẹn, ìdajì rẹ̀ ló ń gbọ́ràn, ni Bọ̀ọ̀dá bá bá mi fi fóònù náà wo àmì onígun dúdú-funfun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, WhatsApp mi sì ṣí gbàgà lápá ọ̀tún. Mo jókòó, èmi àti Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ń tàkúrọ̀sọ. Mo gbójú sápá òsì, kí ni mo rí? Ìwé iná ilé wa. Ẹ gbọ́ dáadáa o, èmi kọ́ ni mo ṣí i. Bọ̀ọ̀dá ló ń tẹ nǹkan sí i tí oníbàárà fi pè é síta.

Yàrá kẹta, Ìyá Oníwíìgì: òfo, òfo, òfo, òfo. Oṣù mẹ́rin! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Oníwíìgì tó ní fírísà, tó ń ta yìnyín fún gbogbo àdúgbò! Fírísà yẹn máa ń kùn lóru bíi jẹnẹrétọ̀ ilé àdúrà, iná tí èmi ń sanwó rẹ̀ ló sì fi ń kùn. Inú mi ru. Mo ní Àǹtí London gbọ́dọ̀ gbọ́. Rárá, kò ní gbọ́. Ó máa rí i ni.

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "báwo lèèyàn ṣe ń ya ojú kọ̀ǹpútà?" Mi ò sọ ojú ohun tí mo fẹ́ yà. Bàbá Ìbejì ní tiwọn, fóònù ni wọ́n máa ń nà sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n á yà á. Ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á kún ojú àwòrán bí òjò, síńgílẹ́ẹ̀tì wọn á sì hàn nínú gíláàsì. Lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi ìṣirò ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èsì tí Àǹtí London fọ̀ ni pé, "Ẹ ṣé gan-an Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ wọ aṣọ." Mi ò fẹ́ irú ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ń ṣe fọ́tókọ́pì fún èèyàn mẹ́rin, àgbọ̀n ló fi júwe: "Mọ́mì, bọ́tìnì kan ń bẹ lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n kọ PrtSc sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́." Mo wá a títí. Lẹ́tà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, ó ku P àti ìdajì S, èèpo ẹ̀pà sì ti há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Kò tàn. Ojú kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ṣẹ́. Mo tún un tẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò rì í mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹjọ mo pariwo pé, "Bọ́tìnì yín ti kú o!"

"Kò kú, Mọ́mì. Ó ti mú un látìgbà àkọ́kọ́. Inú àpò ló kó o sí."

Àpò wo? Ó ní kọ̀ǹpútà ní àpò kan tójú ò rí. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kó mú, ibẹ̀ ló ń kó o pa mọ́ sí títí ẹ ó fi rí ibi tú u sí. Nǹkan kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sì ń gbà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ki òmíràn bọ̀ ọ́, ti àkọ́kọ́ ti dàwátì. Mo ní mo mọ irú àpò bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà lórí àbúrò mi obìnrin. Kò sí àṣírí tí mi ò lè sọ fún un, tí n bá ti fi iye tí wọ́n ń ta tòmátò tẹ̀ lé e.

Mo wá bi Bọ̀ọ̀dá pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní Print nígbà tí kò tẹ nǹkan kan sórí ìwé. Ó fi fọ́tókọ́pì sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ràn irú ìbéèrè yẹn ju owó lọ, ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fi tíì ní ìlẹ̀kùn gíláàsì. Ó ní nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tiwọn jáde l'Ámẹ́ríkà ní 1981, bọ́tìnì náà ń ṣe bí orúkọ rẹ̀: bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Shift, gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ á gba inú wáyà lọ sórí ìwé nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Nígbà tí Windows dé, iṣẹ́ yí padà, orúkọ ò yí. Bíi màmá yàrá kẹrin wa: Ìyá Eléwé là ń pè wọ́n, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ta ewé gbẹ̀yìn. Káàdì fóònù ni wọ́n ń tà.

Ẹ wò ó, ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni Bọ̀ọ̀dá kan náà wá ń sọ fún mi pé bí mo bá ti tẹ Alt pọ̀ mọ́ bọ́tìnì ọ̀hún, ojú fèrèsé tí mo wà nínú rẹ̀ nìkan ni ì bá mú. Pé bí mo bá tẹ bọ́tìnì Windows, Shift àti S, ojú ẹ̀rọ á ṣú díẹ̀, màá sì fi máòsì fa ìlà yí ibi tí mo fẹ́ ká. Pé lórí Mac, Command, Shift àti 4 ni. Ẹ bá mi bi í pé níbo ló gbé ẹnu sí lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣí Word fún mi, torí lẹ́tà ni mo fẹ́ kọ, kí àwòrán wá jókòó sáàárín rẹ̀. Mo tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ V. Gbà! Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà já bọ́ sínú lẹ́tà mi, títí kan aago tó wà ní igun ìsàlẹ̀. Ìwé iná lápá òsì. Lápá ọ̀tún, èmi àti Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tá à ń sọ, ẹ ṣáà ti mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo kọ ọ́ sí i pé: "Àǹtí London, London wo? Níbi tó ń gbé, ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ sáré fún wákàtí méjì kó tó gbóòórùn London. Ó dà bí ẹni tó ń gbé Ìkìrè tó ní Èkó lòun wà." Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì fi ẹ̀rín mẹ́sàn-án dáhùn, àwọn olójú róbótó tó máa ń da omijé yẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà nísàlẹ̀ ìwé iná tí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí. Yàrá keje: òfo, òfo. Ṣùgbọ́n tèmi nídìí. Ọmọ mi ń ṣe JAMB.

Ọmọ iṣẹ́ fi Crop hàn mí. Ẹ tẹ àwòrán, ẹ tẹ Crop, ìlà dúdú kéékèèké á yọ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ máa fi máòsì tì í wọlé. Mo ti apá ọ̀tún wọlé: Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì parẹ́ tòun tẹ̀rín rẹ̀. Mo ti ìsàlẹ̀ sókè: yàrá kẹwàá, kẹsàn-án, kẹjọ, keje, wọ́n lọ. Ó ku yàrá kìíní sí kẹfà, Ìyá Oníwíìgì sì jókòó sáàárín wọn bí eṣinṣin inú ẹ̀kọ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mi ò fẹ́ dá sí i o, Àǹtí, ṣùgbọ́n ẹ fojú yín wo yàrá kẹta."

Bọ̀ọ̀dá so lẹ́tà náà mọ́ ímeèlì, ó bá mi tẹ àdírẹ́sì. Àmì kan wà ńbẹ̀ tó dà bí ìgbín tó ká wọ ìkarahun. Ó ní ará Amẹ́ríkà kan, Ray Tomlinson, ló fi í sáàárín orúkọ èèyàn àti orúkọ ẹ̀rọ ní 1971, pé àtìgbà náà ni ímeèlì ti ń mọ ojúlé tó ń lọ. Mo ní ìgbín ló fi ṣe oníṣẹ́, ó wá fẹ́ kó yá? Kò dá mi lóhùn. Ó ní Gmail kì í gba ẹrù tó ju 25 MB lọ, tèmi ò tiẹ̀ tó ọ̀kan. Mo tẹ Send. Undo yọjú nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gbáko ni Olúwa fún mi láti ronú pìwà dà, mo fi gbogbo rẹ̀ gba ṣéńjì ₦200 lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Àǹtí London pè. Ohùn rẹ̀ tutù. Ẹ bẹ̀rù ohùn tútù tó bá ti òkè òkun wá. "Ìyá Dáre, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Dáre ńkọ́? Mo rí ímeèlì yín, ẹ ṣé gan-an. Mo rí gbogbo ẹ̀."

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ kẹ̀?"

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀, mà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pẹ́ ni WhatsApp mi dún. Lẹ́tà mi náà ni, àmọ́ àwòrán inú rẹ̀ ti wú padà bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Yàrá keje wà ńbẹ̀, ìlà pupa yí i ká. Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì wà ńbẹ̀ tòun tẹ̀rín rẹ̀, ìlà pupa méjì yí i ká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Àǹtí London kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ìkìrè?"

Mo sáré lọ bá Bọ̀ọ̀dá. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sórí ìwé oníbàárà. Ó wá ní ohun tí Crop ń ṣe nínú Word ni pé ó ń ta kọ́tìnnì, ẹrù ṣì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ẹni tí ìwé bá dé ọwọ́ rẹ̀ kàn máa tẹ àwòrán ni, á tún tẹ Crop, á fa igun rẹ̀ síta, gbogbo rẹ̀ á yọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó gé lóòótọ́ á lọ sí Compress Pictures, á sì fàmì sí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n da ohun tó gé nù, kó tó fi ìwé pa mọ́. Tàbí kó ti gé e nínú Paint kó tó mú un débẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ sí PNG, tí kì í ba lẹ́tà wínníwínní jẹ́ bíi ti JPEG.

Nígbà tó rí i pé omi ti ń lé ròrò lójú mi, ó ní kí n má sunkún, pé ó ti ṣe àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Ní 2023, Simon Aarons àti David Buchanan tú àṣírí kan nípa fóònù Pixel ti Google: bẹ́ ẹ bá fi irinṣẹ́ inú fóònù náà gé sikirinṣọ́ọ̀tì yín, wọ́n ṣì lè hú lára ohun tẹ́ ẹ gé kúrò jáde. Àwòrán kékeré tuntun ni fóònù ń kọ lé orí ńlá ti tẹ́lẹ̀, kò sì gé ìrù ti tẹ́lẹ̀ dànù, bí ìgbà tẹ́ ẹ tẹ́ ẹní ọmọdé sórí ẹní àgbà tí etí ti ìsàlẹ̀ ń yọ. Pixel 3 ti 2018 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n rí irú rẹ̀ lára irinṣẹ́ tí Windows 11 fi ń ya sikirinṣọ́ọ̀tì. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gé nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ kúrò lára irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tó wá gbé èyí tó kù sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ta ni yóò bá a lọ kó o? Mo nu ojú. Ti àwọn yẹn le ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pe ìpàdé ilé. Bàbá Láńdílọ́ọ̀dù rọ̀gbọ̀kú sórí àga. Bàbá Akọ̀wé ti yàrá kẹsàn-án, tó ṣiṣẹ́ ní kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, ni wọ́n fún ní fóònù pé kó bá Bàbá ka ohun tó wà nínú àwòrán. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn sọ kókó. Kóòtù ò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n wúkọ́: "Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá òwúrọ̀. Àǹtí London, kọmá, London wo, àmì ìbéèrè." Wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n ka ẹ̀rín Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì: "Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń sunkún, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án."

Mo rántí pé Bàbá Akọ̀wé kan náà ló máa ń sọ fún wa pé Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, kì í jẹ́ kí kóòtù gba ohun tó jáde látinú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣáá. Wọ́n á béèrè ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, tó fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àti pé wọ́n ń lò ó déédéé. Mo dìde. "Bàbá Akọ̀wé, ìwé abala 84 dà?"

Wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n fi àánú wò mí. "Ìyá Dáre, ẹ̀yin lẹ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i."

Bàbá Ìbejì ló wá pa mí pátápátá. Wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá gbé lápútọ́ọ̀pù wá. Nísàlẹ̀ ìwé Excel, etí kéékèèké méjì ló wà ńbẹ̀, èyí tí mi ò kà sí lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n tẹ èkejì, ojú ìwé mìíràn ṣí: àwọn tó ń ra tókìnnì fúnra wọn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ìyá Oníwíìgì, ₦15,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí fírísà. Obìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Wíìgì kan wà lórí itan rẹ̀, kóòmù ló fi ń yà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé orí mi ló wà níbẹ̀.

Mo san ₦9,000 mi kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ má bi mí ibi tí mo ti rí i.

Ẹ dúró ná, níbo lẹ ń lọ? Ẹ rántí àwòrán tí Àǹtí London fi ránṣẹ́ sí mi, onílà pupa yẹn? Òun náà ò mọ Alt. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló yà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún ojú fóònù mi ṣe, mo wá fi ìka méjì fẹ àwòrán ọ̀hún lójú. Lókè pátápátá, níbi tí wọ́n ń to àwọn ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ sí, mẹ́ta ló wà ńbẹ̀. Ọ̀kan, ímeèlì. Èkejì, gèlè. Ìkẹta, àyè ò gba gbogbo orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó hàn tó mi kà: iye tí wọ́n ń ta ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Mọ́k...

Bàbá ò mọ̀. Bàbá Ìbejì ò mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Àwòrán náà wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì gé e.